Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Agogo Ilé-Ìwé

Ẹ̀kọ́ ti oṣù tó kọjá dá lórí iṣẹ́ onídùúró. Ti oṣù yìí dá lórí ilé-ìwé àwọn ọmọ tí etí, ojú, ẹsẹ̀ tàbí ọpọlọ wọn kò ṣe bíi ti àwọn yòókù. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ni èyí kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?" Ẹ ní sùúrù, ẹ kà á dé ìparí. Ẹ ó rí i pé ó kan ìwé ẹ̀yáwó wa gan-an. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, kí ẹni tó mọ̀wé kà kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Ọ̀kan nínú wa, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, ní ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, àìsàn yírùnyírùn kọ lù ú. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì dí pa. Ilé-ìwé àdúgbò gbà á fún ìwọ̀n oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa mú un lọ sílé, pé olùkọ́ kò mọ bí òun yóò ṣe kọ́ ọ. Wọ́n júwe ilé-ìwé àwọn adití kan ní ìlú ńlá fún un.

Ìyá yìí yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó ra tìmùtìmù, ó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rán aṣọ ilé-ìwé, ó gbé ọmọ lọ. Ọmọ ọdún méje, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú ń run òun, ni a fi sílẹ̀ láàárín àlejò. Oṣooṣù ni ìyá ń lọ wò ó, ọjọ́ ọjà méjì sì ni ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí sáà kejì tó parí, ó ti mú ọmọ padà wálé. Owó èlùbọ́ ti lọ, gbèsè ṣẹ́ kù.

Nígbà tó wá bẹ ìgbìmọ̀ pé kí a sún ìsanwó òun síwájú fún oṣù mẹ́ta, a kò gbà. A ní òfin ni òfin. Àwa fúnra wa la kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní: "A kò lè fi owó ẹgbẹ́ ṣàánú." Onídùúró rẹ̀ ló san ìyókù, ọ̀rọ̀ náà sì da àárín ọ̀rẹ́ méjì rú.

Ìyá náà ló fún wa láyè láti kọ èyí. Òfin ẹ̀yáwó wa dára, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni rú u. Àṣìṣe wa ni pé a ka ọ̀ràn náà sí ìṣòro ẹnì kan ṣoṣo. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, a béèrè bóyá ẹlòmíràn tún wà tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó yẹ kí a ti mọ̀ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Nígbà tí ìpàdé túká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ méje ti wọ ìwé wa. Méjì kò gbọ́ràn. Ọ̀kan jẹ́ àfín tí kò rí ohun tí wọ́n kọ sí pátákó. Ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ọ̀kan ní wárápá, wọ́n sì lé e kúrò ní kíláàsì nítorí àwọn òbí kan ní yóò ran ọmọ tàwọn. Méjì yòókù, ọpọlọ wọn kò tètè gba ẹ̀kọ́.

Ọmọ méje nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní ilé-ìwé lónìí.

BÍ ILÉ-ÌWÉ ÀWỌN ỌMỌ WỌ̀NYÍ ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍLẸ̀ WA

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa, ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti wọ ilé náà. Wọ́n lu agogo, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olóyè jọ sáré lọ. Ṣùgbọ́n agogo ni wọ́n lù. Ọmọ tí kò gbọ́ agogo jókòó sílé.

Àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn àti àwọn èèyàn rere ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí wọn. Ilé-ìwé Wesley fún àwọn adití, tó wà ní Sùúrùlérè ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ní 1962, ìjọ Kátólíìkì dá ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú sílẹ̀, òun náà wà ní Sùúrùlérè. Láàárín àwọn ọdún méjèèjì yìí, ní 1960, Andrew Foster ṣí ilé-ìwé adití sí Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bí i ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí yírùnyírùn pa etí rẹ̀, àìsàn kan náà tó pa etí ọmọ wa. Ní 1954 ó gba oyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní ìlú Washington, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè níbẹ̀. Ní 1957 ó dé Accra ní Gánà. Kò ní ilé, kò ní bẹ́ńṣì. Ó bẹ àwọn tó ni ilé-ìwé kan, wọ́n sì gbà kí ó máa lo yàrá wọn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn bá ti ṣíwọ́. Láti inú yàrá àyálò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ó ti dá ilé-ìwé adití tó lé ní 30 sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ fi yàrá àyálò yẹn sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Ìjọba náà dá sí i lẹ́yìn náà. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Ẹ̀kọ́ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, apá kan nínú rẹ̀ sì dá lórí ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní "Special". Àwọn tó jáde níbẹ̀ mọ bí a ṣe ń kọ́ adití, bí a ṣe ń kọ́ afọ́jú, àti bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé kò sí olùkọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ilé-ìwé àkànṣe náà sì wà: ti àwọn adití ní Akúrẹ́, ti àwọn afọ́jú ní Ọ̀wọ̀, àti ti ìjọba Kwara ní Ìlọrin. Àmọ́ àwọn ìlú ńlá ni wọ́n wà, ìyá tó ń ta ọjà ní ìlú kékeré sì mọ iye tí ọ̀nà ń jẹ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ kárí tí wọ́n ṣe ní 2004 ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ọmọ ni ó wí. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ sì ń fi ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ ètò yìí, ìpín kan wà fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ààrẹ fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wo aláàbọ̀ ara. Ohun mẹ́ta nínú òfin yìí ló kàn wá lónìí. Èkíní, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún aláàbọ̀ ara títí dé òpin ilé-ìwé girama. Èkejì, gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé, kì í ṣe ilé-ìwé àkànṣe nìkan. Ẹ̀kẹta, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ iṣẹ́ náà, àti àwọn ohun èlò tó yẹ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù láti béèrè ẹrù rẹ̀. Òfin yìí ni ìwé ẹ̀rí wa. Ìgbà tí wọ́n ní kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ó gba ilé lọ pẹ̀lú omijé, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbà.

OHUN TÍ ỌMỌ KỌ̀Ọ̀KAN NÍLÒ

Ọ̀pọ̀ rò pé gbogbo ọmọ wọ̀nyí ló nílò ilé ńlá àti owó gọbọi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ọmọ tí kò gbọ́ràn. Adití wà, ẹni tí etí rẹ̀ wúwo sì wà. Ọmọ tó ń gbọ́ díẹ̀ ni a sábà máa ń pè ní olóríkunkun. A pè é, kò dáhùn, a nà án. Kí ẹ tó na ọmọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín, kí ẹ lu agolo. Bí kò bá yíjú, ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ má ṣe da epo gbígbóná tàbí àgbo sí i. Oyún tó pẹ́ nínú etí lè sọ ọmọ di adití. Ní kíláàsì, kí ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo jókòó síwájú, kí olùkọ́ kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀, kó má máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí lè ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ rárá nílò èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ. Èdè gidi ni, ó ní ìlànà tirẹ̀, kì í ṣe kí a kàn máa ju ọwọ́ kiri. Bó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló dára jù, kí ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n sì kọ́ ọ pẹ̀lú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yóò ní èdè ní ilé-ìwé, yóò sì di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

2. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ẹ wo àwọn àfín. Ojú ọ̀pọ̀ wọn kò gbé ọ̀nà jíjìn, oòrùn sì máa ń pa wọ́n lára. A fi wọ́n sẹ́yìn kíláàsì, wọn kò rí pátákó, a wá ní òpè ni wọ́n. Bẹ́ńṣì iwájú tó jìnnà sí oòrùn fèrèsé, lẹ́tà ńláńlá, fìlà àti aṣọ alápá gígùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ríran rárá ń fi ìka kàwé. Louis Braille, ará Faransé tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ afọ́jú, ló ṣe irú ìwé náà ní 1824: àmì kéékèèké mẹ́fà tó yọ sókè lórí bébà, tí a ń tò lóríṣiríṣi. Àwọn afọ́jú ń ṣe ìdánwò WAEC, láti 2017 sì ni JAMB ti ní ètò pàtàkì fún àwọn afọ́jú tó fẹ́ wọ yunifásítì.

3. Ọmọ tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọpọlọ ọ̀pọ̀ wọn pé pérépéré. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni àtẹ̀gùn mẹ́ta ẹnu ọ̀nà kíláàsì, àti ilé ìyàgbẹ́ tí kò ṣeé wọ̀. Sìmẹ́ńtì díẹ̀, kí a fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, igi méjì tí ọmọ lè dì mú nínú ilé ìyàgbẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bíríkìlà wà nínú ẹgbẹ́ wa, káfíńtà náà wà.

4. Ọmọ tó ní wárápá. Wárápá kì í ràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún ara yín nínú ọjà. Itọ́ rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣubú, ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ rọra yí i fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsíbítù. Oògùn ọsíbítù tí ó ń lò déédéé lè mú kí àìsàn náà má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Kò sí ìdí láti lé e kúrò ní kíláàsì.

5. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Eléyìí ń fẹ́ sùúrù àti olùkọ́ tó mọṣẹ́. A ó gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́ fún un, a ó sì máa tún un ṣe. Kí a fi ẹ̀wà, òkúta àti owó gidi kọ́ ọ ní ìṣirò. Bó bá lè wẹ ara rẹ̀, kó ka ṣéńjì, kó mọ ọ̀nà ilé, kó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ilé-ìwé ti ṣe gudugudu méje.

Ẹ padà sí ọmọ méje tiwa. Àfín, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníwárápá, mẹ́ta nìyẹn, wọ́n lè wọ kíláàsì àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́la bí olùkọ́ bá gbà tí òbí sì yé kígbe. Mẹ́rin yòókù ló nílò yàrá tiwọn àti olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ìṣòro náà kéré sí bí a ṣe rò ó nígbà tí a kò tíì kà á.

ṢÉ KÍ A TI ILÉ-ÌWÉ ÀKÀNṢE PA NI?

Rárá o. Ọmọ tí kò gbọ́ rárá ń jèrè púpọ̀ bí ó bá wà láàárín àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èdè rẹ̀ ti ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní dá ọmọ wa méjì jókòó sínú kíláàsì ọmọ tó pọ̀ rẹpẹtẹ kí a sì sọ pé a ti fi wọ́n sílé-ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a pe àwọn adití ìlú yìí àti ti àwọn abúlé tó yí wa ká jọ sínú yàrá kan, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ti ní. Kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ nínú yàrá wọn, kí wọ́n bá àwọn yòókù ṣeré, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì sùn nílé ìyá wọn lálẹ́. Bí wọ́n bá dàgbà tó láti dá dúró, tí wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ síwájú, ilé-ìwé ńlá wà ní ìlú ńlá.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ míràn. Olùkọ́ tó mọ èdè ọwọ́ kò fi dandan mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni. Bí a bá béèrè olùkọ́ kan ṣoṣo kí ó wá kọ́ gbogbo wọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi sú u. Olùkọ́ méjì ni kí a béèrè.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ FẸ́ DÁBÀÁ

Nígbà tí àwọn ọkùnrin 28 dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, òtòṣì ahunṣọ ni púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó sọ́tọ̀ nínú èrè wọn fún ẹ̀kọ́: náírà méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá fi owó tiwa ṣírò ó. Ní 1995, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fi kún ìlànà wọn pé kí ẹgbẹ́ máa bójú tó àdúgbò tó wà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ mú wá sí ìpàdé gbogbogbòò nìyí:

(a) Kí a ka àwọn ọmọ náà dáadáa, nínú ẹgbẹ́ àti ní ìlú. Àwọn ìyálọ́jà yóò mójú tó ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn olórí ìjọ àti àwọn ààfáà yóò bá wa kéde rẹ̀.

(b) Kí a kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ìwé, sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí àjọ SUBEB ti ìpínlẹ̀ wa, kí a fi iye ọmọ náà hàn wọ́n, kí a sì béèrè olùkọ́ méjì tó kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Owó oṣù olùkọ́ kì í ṣe ti ẹgbẹ́, ti ìjọba ni, òfin sì wà lẹ́yìn wa.

(d) Yàrá kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa tí páànù rẹ̀ ń jò, tí wọ́n ń kó bẹ́ńṣì tó fọ́ sí. Kí a bẹ̀ wọ́n fún un, kí a tún un ṣe. Andrew Foster kò dúró de ilé tuntun, kí àwa náà má dúró dè é.

(e) Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá ₦300 lóṣù fún ètò yìí. Bí a bá jẹ́ 150, ₦45,000 ni lóṣù, ₦540,000 ni lọ́dún. Kò tó kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀ páànù, sìmẹ́ńtì, bẹ́ńṣì àti ìwé. A kò ní fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ ẹnikẹ́ni, a ó sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìgboyè ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

(ẹ) Kí ẹ̀yáwó pàtàkì wà fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí àkókò ìsanpadà rẹ̀ gùn ju ti ìṣòwò lọ. Onídùúró yóò wà, owó yóò sì padà. Kì í ṣe sàráà.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń SỌ

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi pamọ́ sí yàrá, ìjọba kò lè kà á. Ẹni tó kó orúkọ ọmọ ogún wá sí ọ́fíìsì, tí ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò ní lè dá a padà bíi ti ìyá kan ṣoṣo.

Wọ́n ní, "Kí ni wọn yóò fi ìwé ṣe?" Ta ni nínú wa tí kò mọ adití kan tó ń ránṣọ tàbí tó ń ṣe bàtà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́? Ohun tó ń pa wọ́n lára ni pé púpọ̀ wọn kò lè kọ iye owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀, oníbàárà sì ń rẹ́ wọn jẹ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, adití ni o, ẹni tó ń gbọ́ràn ni o.

Wọ́n tún ní, "Ọmọ tèmi dá ṣáṣá." Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn. Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ náà dá ṣáṣá títí ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Yírùnyírùn kò béèrè ọmọ ta ni kó tó wọlé.

Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Nídìí èlùbọ́ ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ó mọ kọ́ńgò wọ̀n, ó sì ń fi ìka sọ iye owó. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n a pè é láti ẹ̀yìn, bí kò bá dáhùn a ní ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kan tí a lọ gba owó ìfipamọ́, a kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rìsíìtì, a sì fi hàn án pé òun ni. Ó gba bírò lọ́wọ́ wa, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ tiwa, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Akọ̀wé kì í pa ohun tó wà nínú ìwé ìpàdé rẹ́. Gbólóhùn tí a kọ nípa ìyá rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí. Ohun tí a lè ṣe ni kí a kọ ìpinnu tuntun sí ojú ewé mìíràn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ka méjèèjì. Ẹ wá sí ìpàdé gbogbogbòò, ẹ wá nawọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọmọ mélòó lẹ mọ̀ ní àdúgbò yín tí kò lọ sí ilé-ìwé nítorí etí, ojú, ẹsẹ̀, wárápá tàbí ọpọlọ? Ta ló lè bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìdójú tì í?

2. Báwo ni a ṣe lè mọ ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo yàtọ̀ sí ọmọ tó jẹ́ olóríkunkun?

3. Nínú àwọn ọmọ méje tí a dárúkọ, àwọn wo ló lè wọ kíláàsì lọ́la láìsí olùkọ́ àkànṣe? Kí ló ń dí wọn lọ́wọ́?

4. Ǹjẹ́ ₦300 lóṣù pọ̀ jù, tàbí ó kéré jù? Bí ẹnì kan kò bá lè dá a, iṣẹ́ ọwọ́ wo ló lè fi rọ́pò rẹ̀?

5. Oṣù mélòó ló yẹ kí a fún òbí tó bá yá owó nítorí ilé-ìwé irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ sí wa kí ìpàdé tó pé. Ire o.

Àwa ni,
Akọ̀wé yín.